Ìgbọ̀nwọ́ Tó Ń Yún Ìyá Tìmùtìmù

Ohun tó dá wàhálà ọjọ́ náà sílẹ̀ kò ju tìmùtìmù kan lọ. Dírẹ́bà kan ló gbé e wá ní kùtùkùtù, nígbà tí àwọn ará ilé ṣì ń fọ ẹnu lọ́wọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀, ó na tìmùtìmù náà síwájú bí ẹni gbé ọmọ tó ti tọ̀ sára, ó ní ọ̀gá òun ní kí òun dá a padà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé àga tuntun wọlé, ó ní, nǹkan kan ń gún àwọn nídìí, ó sì ń dún wírí-wírí lábẹ́ àlejò bí ẹni pé eku ń jẹ ìwé nínú ẹ̀.

Oníṣòfà tó ni ìsọ̀ náà fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ó ní bóyá ìṣó kan ló ṣìnà. Ó pe ìyàwó rẹ̀ kó wá tú ojú rírán náà, torí iṣẹ́ tiẹ̀ nìyẹn. Ọkọ ló ń gé igi, tó ń kàn án, tó ń fa awọ lé e lórí. Ìyàwó ló ń jókòó sídìí màṣíìnì láti àárọ̀ dalẹ́, tó ń rán àpò tìmùtìmù, tó ń ki àjákù fóòmù sínú ẹ̀ títí yóò fi yó. Ìyá Tìmùtìmù ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kò sí àga tó dẹ̀ lágbègbè yẹn tí kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ló ti jáde.

Ìyá Tìmùtìmù gbọ́ ìpè ọkọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilé. Ó lóṣòó lórí bàsíà omi gbígbóná tó bu iyọ̀ sí, ó ń wá bí yóò ṣe dìde láìjẹ́ kí itan kan kan ìkejì. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tí dírẹ́bà ń sọ, pé ó ń dún wírí-wírí, ó gbàgbé ìrora. Ó fa ìró mọ́ra, ó sáré.

Kò bá a. Oníṣòfà ti fi àlùmọ́gàjí la ìhà tìmùtìmù, ó ti da inú ẹ̀ sórí tábìlì ìgéṣọ. Àjákù fóòmù tú jáde, funfun, òféèfé, àti pupa tó kù nínú iṣẹ́ àná. Lẹ́yìn náà ni àwọn túùbù ìpara bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ sílẹ̀, èyí tó dé kẹ́yìn lórí èyí tó ṣáájú. Wọ́n ti fún wọn gbẹ pátápátá, wọ́n sì ti ká wọn láti ìdí wá sẹ́nu bí ẹni ká ẹní.

Kò sí ẹni tí kò mọ ìpara yẹn. Òun ni àwọn tó ń bóra máa ń pò mọ́ ìpara wọn kí ara lè tètè pọ́n.

Ta ló sì yẹ kó wà níbẹ̀ nírú àkókò bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe Rédíò. Obìnrin alágbàfọ̀ ni, òdìkejì ọ̀nà ló ń gbé. Orí tábìlì gíga ló ń gbé ọpọ́n ìfọṣọ rẹ̀ lé. Ìdúró ló fi ń fọṣọ, ìdúró ló fi ń jẹun, ìdúró náà ló fi ń gbé ìròyìn kiri. Àwọn èèyàn ní Rédíò kì í jókòó kí ìròyìn má baà tutù mọ́ ọn lára. Ó mú túùbù kan nílẹ̀, ó yí i sí ìmọ́lẹ̀, ó wo Ìyá Tìmùtìmù láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ojú ẹ̀ dúdú bó ṣe wà," ó ní, ó ń bá dírẹ́bà sọ̀rọ̀ bí ẹni pé onítọ̀hún kò sí níbẹ̀. "Apá dúdú, ọrùn dúdú. Ibo ni obìnrin yìí wá ń bó?"

Dírẹ́bà bú sẹ́rìn-ín. Oníṣòfà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó sọ fún dírẹ́bà pé kí wọ́n padà wá gba òmíràn kí ilẹ̀ tó ṣú, ó fi ọwọ́ gbá àwọn túùbù jọ, ó kọjú sílé. Ìyá Tìmùtìmù tẹ̀ lé e. Àwọn tó wà níta rí i bó ṣe ń rìn, ẹsẹ̀ yà díẹ̀, ó ń rọra gbé e bí ẹni tó ru omi, wọ́n sì ti ní ìtumọ̀ tí wọ́n fún un kó tó wọlé tán.

Ìyá Àgbà, ìyá Oníṣòfà, wà ní pálọ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó bi wọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀, ọmọ rẹ̀ kọjá lára rẹ̀. Ìyá Àgbà ní kí ìyàwó òun jẹun ná kó tó gbọ́ ẹjọ́, pé búrẹ́dì rẹ̀ àná ṣì wà níbẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Òótọ́ ni. Ó ti pẹ́ tí Ìyá Tìmùtìmù ti ń sá fún oúnjẹ, torí ohun tó bá wọlé yóò jáde, ibi tó sì fẹ́ gbà jáde ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á. Ìyá Àgbà rò pé ó fẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Ó ti sọ ọ́ fún ará ilé kejì pé àwọn ìyàwó ayé ìsinsìnyí ń fi ebi ṣoge.

Wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá. Oníṣòfà kì í ṣe ẹni tó ń pariwo, ìyẹn gan-an ló mú kó burú. Ó da àwọn túùbù sórí ibùsùn. Ó ní ẹnì kan ò lè máa bó ibi tí aráyé ò rí, kó sì máa kẹ̀yìn sí ọkọ ẹ̀ lálaalẹ́, kó ní ó rẹ òun. Ó ní òun ti dákẹ́ fún un tó. Ó dárúkọ àwọn oníbàárà tó ń rẹ́rìn-ín jù, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo ojú rẹ̀ bóyá yóò yẹ̀ lórí orúkọ ọ̀kan nínú wọn. Ojú rẹ̀ kò yẹ̀. Ìyàwó dúró ti ògiri, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ti ara rẹ̀ lẹ́yìn.

Ó lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tiẹ̀ rò ó. Ó dà bíi pé kí wọ́n pè é ní alágbèrè sàn fún un ju kó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà lẹ́nu lọ.

"Mo fẹ́ kó o sọ ìdí ẹ̀ fún mi," ni ọkọ wí. "Mi ò bèèrè ju ìyẹn lọ. Kí ni ìdí tí ìyàwó mi fi ń kó ìpara abóra pamọ́ sínú tìmùtìmù oníbàárà?"

Ẹ̀rín kan já bọ́ lẹ́nu Ìyá Tìmùtìmù, ẹ̀rín gbígbẹ, bí ìgbà tí aṣọ bá ya.

"Ẹ ti fẹnu ara yín sọ ọ́," ó ní. "Ìdí náà ni."

"Ìdí wo?"

"Ìdí, Bàbá wọn. Èyí tí mo fi ń jókòó."

Lẹ́yìn náà ló wá rọ̀jò ọ̀rọ̀. Jẹ̀díjẹ̀dí ni. Láti ìgbà tó ti bí àbíkẹ́yìn ni nǹkan ti wú síbẹ̀, ìjókòó màṣíìnì sì ń dá kún un. Ó ń yún, kì í ṣe yíyún tí èèyàn ń họ tó ń dùn, yíyún bí ẹni fi ata rẹ́ ojú ọgbẹ́ ni. Ní ọjọ́ tí kò lè fara dà á mọ́, ó lọ sí ìsọ̀ Dókítà.

Ta ló fi ọ̀gbẹ́ni yẹn jẹ dókítà? Àdúgbò ló sọ ọ́ lórúkọ, òun náà gbà á, ó sì fi ṣe iṣẹ́. Ọṣẹ, bátìrì àti egbòogi ló ń tà lórí pákó kan náà. Lọ́jọ́ náà, ìsọ̀ kún. Àwọn ọkùnrin ń ra egbòogi orí fífọ́, wọ́n fara ti pákó, wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Ìyá Tìmùtìmù la ẹnu pé ibì kan ń yún òun. Dókítà ní níbo. Gbogbo wọn yíjú. Ìdí ló wà lórí ahọ́n rẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ ló bọ́ sílẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni náà kò ní kó ká apá aṣọ. Kò wò ó. Ó ní ẹni tó ń fi ìgbọ̀nwọ́ ti tábìlì màṣíìnì lójoojúmọ́, kò lè ṣe kó má yún un. Ó ju túùbù kan sórí pákó, ó ní kó máa fi para láàárọ̀ lálẹ́, bó bá tán, kó padà wá. Kò sọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró. Dídáwọ́ dúró kọ́ ló ń tà.

Ìpara náà sì jẹ́. Èyí ni àdàkàdekè rẹ̀. Lóru ọjọ́ kìíní, yíyún náà panu mọ́, Ìyá Tìmùtìmù sùn bí ọmọ ọwọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi í sílẹ̀, yíyún náà padà wá pẹ̀lú ẹbí àti ará. Ó tún ra òmíràn, ó tún fi pa á, ó nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Gbogbo ìgbà tó bá kọjá, Dókítà á nawọ́ sí i láti inú ìsọ̀, á ní, "Ìgbọ̀nwọ́ ńkọ́, Ìyá Tìmùtìmù?" Òun náà á ní ó ń dúpẹ́. Ó ń kó òfìfo rẹ̀ sínú tìmùtìmù torí pé Rédíò máa ń fi ojú ṣa ààtàn, tìmùtìmù nìkan ni nǹkan tí ẹnikẹ́ni kì í tú wò láyé.

Oníṣòfà ní kó jẹ́ kí òun wò ó. Ó kọ́kọ́ kọ̀, lẹ́yìn náà ó yí ojú sí ògiri, ó ká ìró. Ọkọ wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò tún lè wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Awọ ibẹ̀ ti fẹ́lẹ́ bíi ti àlùbọ́sà, ó ti là káàkiri, ẹ̀jẹ̀ ń yọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, ó sì ń rùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kókó kan yọ tó le, tí kò dà bí èyí tó kù.

Oníṣòfà jókòó sétí ibùsùn, láàárín àwọn túùbù. Ó ní kó wọ aṣọ, ọsibítù ni àwọn ń lọ, iṣẹ́ lè dúró. Ohùn rẹ̀ rọ̀. Ìyá Tìmùtìmù rò ó nínú ọkàn rẹ̀ pé bóyá ó ti parí báyìí, pé èyí tó le jù ti kọjá.

Rédíò ló pàdé wọn lẹ́nu géètì. Ó ti bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó ti wé gèlè. Ó ní òun gbọ́ pé ara ìyàwó kò yá, pé òun ṣe àwàdà tí kò yẹ láàárọ̀, òun yóò bá wọn gbé báàgì. Kò sí bí èèyàn ṣe ń lé ẹni tó ń tọrọ àforíjì. Ó tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí wọ́n wọ ọkọ̀, ó ní kí wọ́n jókòó, òun yóò dúró.

Ọsibítù kún débi pé àwọn èèyàn ń fara ti fèrèsé láti ìta. Nọ́ọ̀sì kan dúró sórí àtẹ̀gùn, ó ń kígbe bí ẹni tó ń ta ẹja pé kí àwọn tó wá nítorí eegun tò sápá òsì, kí àwọn tó wá nítorí ìfun tàbí ìdí tò sápá ọ̀tún, kí wọ́n sì yára, torí dókítà tápá ọ̀tún yóò lọ lọ́sàn-án, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bó ṣe ń pe ìdí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ń wo ẹni tó máa lọ sápá ọ̀tún.

Wọ́n dé iwájú akọ̀wé. Rédíò wà lẹ́yìn wọn, báàgì lọ́wọ́, etí rẹ̀ ló ṣáájú ara rẹ̀. Akọ̀wé kò gbójú sókè. Ó bèèrè ohun tó ń ṣe obìnrin náà. Ìyá Tìmùtìmù wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti mọ̀ báyìí. Ó ti fojú rí i. Gbogbo ohun tó kù fún un ni kó la ẹnu.

Oníṣòfà wo bẹ́ǹṣì. Ó wo Rédíò.

"Ìgbọ̀nwọ́ ni," ó ní.

Akọ̀wé fi ọwọ́ júwe apá òsì.

Oníṣòfà kò wo ojú ìyàwó rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ. Ó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé tí wọ́n bá dé iwájú dókítà, ibẹ̀ ni àwọn yóò ti ṣàlàyé, dókítà kan náà ni gbogbo wọn. Ìyá Tìmùtìmù dúró ti ògiri láàárín àwọn tó fi pálí di ẹsẹ̀ àti àwọn tó gbé apá kọ́ ọrùn. Bàbá arúgbó kan sún fún un lórí bẹ́ǹṣì. Ó dúpẹ́, ó ní òun lè dúró. Bàbá náà ní kó jókòó jàre, ìgbọ̀nwọ́ kọ́ ni wọ́n fi ń jókòó. Gbogbo bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Ó jókòó. Rédíò nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró tì í, ó ń wo ìka rẹ̀ bó ṣe di etí bẹ́ǹṣì mú, ó sì ń wo òógùn tó ń ṣàn lójú rẹ̀.

Yàrá dókítà kò ní ilẹ̀kùn, aṣọ ni wọ́n fi dí i, ẹnì kan sì ti ká a sókè nítorí ooru. Àwọn tó kàn tẹ̀ lé wọn ti na ọrùn wọlé. Dókítà eegun náà di ìgbọ̀nwọ́ Ìyá Tìmùtìmù mú, ó nà án, ó ká a, ó tẹ̀ ẹ́ níbí, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún. Ó bèèrè bóyá ó dùn ún. Kò dùn ún. Ó ní ìgbọ̀nwọ́ yìí le ju tòun lọ.

Rédíò ló mú túùbù jáde nínú báàgì, èyí tó ti mú nílẹ̀ láàárọ̀. Ó ní ohun tí obìnrin náà fi ń para nìyẹn.

Ojú dókítà yí padà. Ó ní ta ló kọ ọ́ fún un. Ó ní ìpara alágbára ni, sítẹ́rọ́ìdì wà nínú ẹ̀, wọn kì í lò ó kọjá ọjọ́ díẹ̀ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, torí ó ń jẹ awọ di tín-ínrín, ó sì ń pa yíyún lẹ́nu mọ́, ó ń bo àìsàn tó wà lábẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi gbó. Ó ní kó dúpẹ́ pé ìgbọ̀nwọ́ ni, awọ tó nípọn nìyẹn. Ká ní ibi tí awọ ti fẹ́lẹ́ ni, abẹ́ apá tàbí ìdí, ì bá ti là.

"Ṣé kò sí ibòmíràn tẹ́ ẹ fi ń pa, ìyá?" ó bèèrè. Ohùn rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó dúró de ìdáhùn gan-an.

Ìyá Tìmùtìmù wo ọkọ rẹ̀. Oníṣòfà ń wo àga dókítà, ó ń wo bí wọ́n ṣe kan ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ẹni pé wọ́n pè é wá tún un ṣe. Lẹ́nu ọ̀nà, orí mẹ́ta, mẹ́rin, ń dúró láti gbọ́. Fáànù ń yí.

"Tó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn fi pa ibòmíràn ńkọ́?" Rédíò ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì kéré débi pé dókítà ní kó tún un sọ.

Dókítà ní kí ẹni náà tètè lọ sápá ọ̀tún kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, pàápàá bí ẹ̀jẹ̀ bá ń yọ tàbí kókó bá wà níbẹ̀. Ó wo aago, ó ṣe ojú àánú, ó ní ó mà ṣe o, ẹni tápá ọ̀tún ti lọ, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ó pe ẹni tó kàn.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n forí lé ilé. Oníṣòfà ń rìn níwájú. Ìyá Tìmùtìmù ń rìn lẹ́yìn, ó ti mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ti kan ìró, ó sì ti gba báàgì lọ́wọ́ Rédíò tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, ó fi dí i. Oòrùn ti rọ̀. Ó rántí tìmùtìmù tí dírẹ́bà ń padà bọ̀ wá gbà, ó sì rántí pé ìjókòó ni wọ́n fi ń rán an. Yíyún náà ti jí. Ó ti ń gun òkè bọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò lórí bẹ́ǹṣì, ó ti dé ẹ̀yìn eyín rẹ̀ báyìí.

"Bàbá wọn," ó ní, "ó ń yún mi."

Iwájú ìsọ̀ Dókítà ló ti sọ ọ́. Oníṣòfà dúró. Wọ́n jọ gbọ́ ohun tí dókítà eegun wí, kò sí ẹni tó ṣì í gbọ́. Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó wo ilé, ó wo pákó tí ọṣẹ, bátìrì àti egbòogi tò sí. Ó wọ inú ìsọ̀ náà.

Dókítà na ọrùn kọjá rẹ̀ sí ìta. "Ìgbọ̀nwọ́ ńkọ́, Ìyá Tìmùtìmù?"

Oníṣòfà ní kó mú ẹyọ kan wá. Dókítà ti ń mú un kó tó sọ tán.

"Ẹ bá mi mú ẹyọ kan mọ́ ọn," ni Rédíò wí láti ẹ̀yìn wọn.

Ìyá Tìmùtìmù yíjú. Rédíò kò wò ó. Ó ń wo ọ̀nà, gèlè rẹ̀ ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Kí ló ń ṣe ẹ̀yin náà?" Dókítà bèèrè.

"Ìgbọ̀nwọ́."

Dókítà ju túùbù méjèèjì sórí pákó. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín ẹni tí nǹkan kan kò ṣàjèjì sí. Ó ní ìgbọ̀nwọ́ àdúgbò yìí mà pọ̀ o.

Nígbà tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta délé, àwọn àga ọ̀sẹ̀ náà tò sí ìsọ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ògiri, awọ wọn ń dán, tìmùtìmù wọn yó. Tìmùtìmù tí wọ́n tú ní kùtùkùtù ṣì wà lórí tábìlì, inú rẹ̀ ṣí. Ìyá Àgbà jáde láti pálọ̀, ó bi ọmọ rẹ̀ ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe ìyàwó òun. Oníṣòfà mú òòlù, kò sì sí ohun tó fẹ́ fi kàn.

"Ìgbọ̀nwọ́ ni, Mọ́mì. Kì í ṣe nǹkan bàbàrà."

Ọkàn Ìyá Àgbà balẹ̀. Ó ní ẹ̀wà ti jinná, òun yóò bu ún wá. Ó nawọ́ sí àwọn àga náà yíká.

"Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sinmi."

Àwọn obìnrin méjèèjì dúró láàárín àga, olúkúlùkù pẹ̀lú túùbù lọ́wọ́. Wọ́n wo ara wọn. Kò sí ẹni tó jókòó.